ARexx lórí Amiga: bó ṣe so editor, compiler àti debugger pọ̀, àti ibi tí okùn náà ti ń já

Ohun tó ń jẹ àkókò jù nínú kíkọ èdè C lórí Amiga, kọ̀ǹpútà tí Commodore ń ṣe nígbà kan, kì í ṣe ìrònú. Compiler á ní àṣìṣe wà ní ìlà 214; ẹ ó padà sínú editor, ẹ ó wá ìlà náà kàn, ẹ ó tún un ṣe, ẹ ó fi fáìlì pamọ́, ẹ ó bọ́ sí Shell, fèrèsé tí a ń tẹ àṣẹ sí, ẹ ó sì tún àṣẹ àná tẹ̀. ARexx, èdè tí a fi ń kọ script (ìwé àṣẹ kékeré) lórí Amiga, ló yẹ kó gba gbogbo ìyẹn lọ́wọ́ yín. Mi ò fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni ní èdè náà níbí. Iṣẹ́ tó ń ṣe bí okùn láàárín irinṣẹ́ mẹ́ta ni mò ń yẹ̀ wò: editor tí a fi ń kọ ètò, compiler tó ń sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe, àti debugger tí a fi ń tọpa àléébù nígbà tí ètò bá ń lọ lọ́wọ́. Láàárín editor àti compiler, okùn náà yi. Láàárín editor àti debugger, ó máa ń já, ẹ̀bi ibẹ̀ kò sì sí lọ́rùn ARexx.

William S. Hawes ló kọ ọ́. Ó jáde ní 1987 gẹ́gẹ́ bí ọjà tí ènìyàn ń rà lọ́tọ̀, lórí ìpìlẹ̀ èdè REXX tí Mike Cowlishaw dá sílẹ̀ ní IBM. Nígbà tí AmigaOS 2.0 jáde ní 1990 pẹ̀lú Amiga 3000, Commodore ti fi í kún un, ó sì ṣì wà nínú AmigaOS 3.2 ti 2021. Ẹni tó bá wà lórí 1.3 ní láti wá a fúnra rẹ̀.

Kó tó lè wúlò fún yín, ó yẹ kó yé yín pé ARexx kò mọ nǹkan kan nípa compiler tàbí editor. Port nìkan ló mọ̀. Exec, tí í ṣe ìpìlẹ̀ AmigaOS, ti ní ọ̀nà ìfiránṣẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀: ètò kan á ṣí port, á fún un lórúkọ, ètò mìíràn á ju iṣẹ́ ránṣẹ́ síbẹ̀, á sì dúró de èsì. Gbólóhùn yòówù tí ARexx kò bá kà sí ti ara rẹ̀, á ṣírò rẹ̀, á sì fi í ránṣẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán sí port tí ADDRESS, ọ̀rọ̀ ARexx tó ń yan port, ń tọ́ka sí. Nọ́ńbà èsì á bọ́ sínú RC: 0 ni àlàáfíà, 5 ni ìkìlọ̀, 10 ni àṣìṣe, 20 ni ìkùnà. Bí ọ̀rọ̀ bá wà láti dá padà, á wà nínú RESULT, bí ẹ bá ti kọ OPTIONS RESULTS lókè script. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ẹni tó kọ ètò tó wà lódìkejì bá ṣe lawọ́ tó ni ARexx ṣe lágbára tó. Editor tó ṣí port àmọ́ tó gbọ́ àṣẹ márùn-ún péré kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju èyí tí kò ní port rárá.

Gbígbé e kalẹ̀ kò le. RexxMast, ètò tó ń mú script ARexx ṣiṣẹ́, gbọ́dọ̀ ti máa lọ kí script kankan tó lè lọ; ẹ gbé e láti fódà System sínú WBStartup, tàbí kí ẹ kọ ọ́ sínú S:User-Startup. Ẹ wò ó bóyá mathieeedoubbas.library wà nínú LIBS:, nítorí ẹni tó bá ti gé Workbench, dísíìkì ojú iṣẹ́ Amiga, kúrú kí ó lè wọ dísíìkì kan sábà máa ń yọ ọ́ dànù, ARexx kò sì lè gbéra láìsí i. REXX:, ibi tí ARexx ti ń wá script, sábà máa ń tọ́ka sí S:, ìyẹn sì ń da script pọ̀ mọ́ fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ, Assign REXX: sí fódà tirẹ̀ dára jù. Gbogbo script gbọ́dọ̀ fi /* bẹ̀rẹ̀ ní ìlà àkọ́kọ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ARexx á ní òun kò rí ètò náà, Error 1, bẹ́ẹ̀ fáìlì wà níbẹ̀ gbalaja. Mo ka ìkìlọ̀ yẹn sí ọ̀kan nínú èyí tó burú jù nínú gbogbo ohun èlò yìí.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti dùn jù ni compiler SAS/C 6 pẹ̀lú editor CygnusEd. SAS/C mú ètò kékeré kan wá tí ń jẹ́ SCMSG, tó ń kó àṣìṣe compiler jọ sínú fèrèsé kan, tó sì ní port tirẹ̀, SC_SCMSG. Ẹ kọ ERRORREXX sínú fáìlì SCOPTIONS tó wà nínú fódà iṣẹ́ yín. Láti ìgbà yẹn lọ, compiler kò kàn ní máa tẹ àṣìṣe sójú Shell. Á máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí SCMSG pẹ̀lú orúkọ fáìlì, nọ́ńbà ìlà, irú àṣìṣe àti ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí a ti yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí pé à ń tú ọ̀rọ̀ palẹ̀, kò sí pé à ń méfò ibi tí nọ́ńbà wà. Bí ẹ bá tún fáìlì kan náà compile, SCMSG á pa àṣìṣe àtijọ́ fáìlì yẹn rẹ́, á sì fi ti àwọn fáìlì yòókù sílẹ̀. Script tó ń gbé yín lọ síbi àṣìṣe tó kàn kò gùn rárá:

/* Asise.ced: lọ síbi àṣìṣe tó kàn */
options results
if ~show('P','SC_SCMSG') then exit 5
address 'SC_SCMSG'
'next'
if rc ~= 0 then do
  address 'rexx_ced' 'okay1 Ko si asise mo'
  exit
end
'file'
orukofaili = result
'line'
nomba = result
'text'
oro = result
address 'rexx_ced'
'open' orukofaili
'jumpto' nomba 1
'okay1' oro

Ẹ so ó mọ́ bọ́tìnnì kan lórí kíbọ́ọ̀dù CygnusEd, ó tán. Ẹ kíyè sí i pé mo fi àmì àyọlò yí gbogbo àṣẹ ká, ẹ sì kíyè sí orúkọ tí mo fún àwọn oníyípadà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kò tíì fún ní iye máa ń dúró fún ara rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá nínú ARexx, ìdí nìyí tí àṣẹ tí kò ní àmì àyọlò fi máa ń ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ kọ line = result, tí ẹ wá kọ line lásán ní ìsàlẹ̀ láti tún béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ SCMSG, ohun tí ARexx máa fi ránṣẹ́ ni 214. SCMSG kò mọ àṣẹ tó ń jẹ́ 214. Àṣẹ náà á ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kíní, á yí dànù lẹ́ẹ̀kejì, kò sì ní sí ohun tó yí padà lójú yín. Ẹ máa fi àmì àyọlò sí àṣẹ, kí ẹ má sì sọ oníyípadà ní orúkọ àṣẹ.

Orúkọ port náà ní ìdẹkùn tirẹ̀. Lẹ́tà ńlá àti kékeré yàtọ̀ síra: rexx_ced ni ti CygnusEd, nítorí náà ADDRESS rexx_ced láìsí àmì àyọlò á lọ máa wá REXX_CED, á sì bọ́ sí Error 13, pé kò rí ẹni tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ìkẹta ni RESULT. Bí àṣẹ kan kò bá dá ọ̀rọ̀ padà, RESULT kì í ṣófo. ARexx á mú iye rẹ̀ kúrò pátápátá, ohun tí ẹ ó bá níbẹ̀ á sì jẹ́ ọ̀rọ̀ náà RESULT fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣófo kò ní rí àléébù kankan títí editor fi máa gbìyànjú láti ṣí fáìlì tí ń jẹ́ RESULT. RC ni kí ẹ máa yẹ̀ wò.

Ìṣòro kan wà tí script kò lè yanjú. Bí ẹ bá fi ìlà méjì kún fáìlì nígbà tí ẹ ń tún àṣìṣe àkọ́kọ́ ṣe, gbogbo nọ́ńbà tó kù ti fi ìlà méjì yẹ̀. SCMSG ní BOTTOM àti PREV, ẹ sì lè bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè kí nọ́ńbà má baà yẹ̀. Ó dára lórí ìwé. Nínú C, àmọ́, àṣìṣe àkọ́kọ́ ló sábà máa ń bí àwọn yòókù: àmì ìparí kan tó sọnù ní ìlà 30 lè bí àṣìṣe mẹ́wàá títí dé ìlà 90, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ á sì máa wá àléébù tí kò sí. Ohun tí mo fara mọ́ ni kí ẹ tún àṣìṣe àkọ́kọ́ ṣe, ẹ wo méjì tàbí mẹ́ta tó tẹ̀ lé e bóyá wọ́n dá dúró, kí ẹ sì tún un compile. Ìkìlọ̀ tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ara wọn, bí oníyípadà tí a kò lò, ni kí ẹ gbà láti ìsàlẹ̀.

Bí editor bá ní fáìlì tí ẹ ti yí nǹkan padà nínú rẹ̀ tí ẹ kò tíì fi pamọ́, àṣẹ open lè gbé fèrèsé ìbéèrè jáde. Port kì í dáhùn nígbà tí irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ bá dúró, script náà á sì dúró bí òkúta. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní pé ARexx dì, fèrèsé ìbéèrè tó farapamọ́ sẹ́yìn ojú ìwòran mìíràn ni. Kí script tó ń bẹ compiler lọ́wẹ̀ kọ́kọ́ fi fáìlì pamọ́ ni àtúnṣe rẹ̀:

/* Ko.ced: fi pamọ́, kí o sì compile */
options results
address 'rexx_ced' 'save'
call pragma('D','Work:Eto')
call pragma('S',16384)
address command 'smake >T:smake.out'
if rc ~= 0 then address command 'rx Asise.ced'

Ìlà ìkẹrin àti ìkarùn-ún ni àwọn tó ń da script kọ láti ọwọ́ ẹlòmíràn máa ń fò. Script tí editor gbé dìde kò mọ fódà tí iṣẹ́ yín wà. Láìsí PRAGMA tó ní D, smake, ètò SAS/C tó ń ka smakefile láti mọ ohun tó máa compile, á lọ wá a níbòmíràn. S ni ti stack, àyè ìrántí tí ètò fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. 4096 báìtì ni stack tí AmigaOS ń fúnni láti ìbẹ̀rẹ̀, compiler tó tóbi sì lè borí rẹ̀ kó wó gbogbo ẹ̀rọ lulẹ̀ láìsọ̀rọ̀, nítorí kò sí ohun tó ń dáàbò bo ìrántí ètò kan lọ́wọ́ òmíràn lórí Amiga. Bí àṣẹ bá ń ṣiṣẹ́ ní Shell àmọ́ tí kò ṣiṣẹ́ láti inú script, ọ̀nà (path) tí RexxMast jogún nígbà tó gbéra ni kí ẹ wò, kì í ṣe ti Shell tí ẹ ń wò lójú. Ìlà tó kẹ́yìn ní address command níwájú rx, àṣẹ tó ń gbé script dìde, nítorí pé script tí CygnusEd bá gbé dìde, CygnusEd ló ń bá sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láìsí i, CygnusEd ni yóò gba ọ̀rọ̀ rx, kò sì ní mọ ohun tí yóò fi ṣe.

Compiler tí kò bá ní irú SCMSG ṣì ṣeé lò, àmọ́ ẹ̀yin ni yóò tú ọ̀rọ̀ palẹ̀. Ẹ darí ohun tó ń sọ sínú fáìlì kan ní T:, tó sábà máa ń wà nínú RAM, nítorí náà kò ní fi àkókò dísíìkì ṣòfò. Bí fáìlì yẹn bá ṣófo nígbà tí àṣìṣe ń jáde lójú ìwòran, ojú ọ̀nà àṣìṣe ni compiler náà ń gbà sọ̀rọ̀, àmì > kò sì mú un. vbcc, compiler C mìíràn, rọrùn láti tú, torí pé ó ń kọ nọ́ńbà àti orúkọ fáìlì báyìí: error 82 in line 4 of "main.c": unknown identifier. Ìlà PARSE kan ti tó:

parse var t 'in line ' n ' of "' f '":' oro
if datatype(n,'N') then call fihan f, n, oro

Àmì àyọlò tó yí orúkọ fáìlì ká ló gbà wá. Pẹ̀lú gcc, tó ń fi kólọ́ọ̀nù pín ohun gbogbo, Work:src/main.c:14: ni ẹ ó rí, kólọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ sì jẹ́ ti orúkọ dísíìkì. Script tí wọ́n kọ fún Unix tí wọ́n kàn gbé wá síbí á ka Work sí orúkọ fáìlì, á sì ka src/main.c sí nọ́ńbà ìlà. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí orúkọ fáìlì parí sí, bíi .c: tàbí .h:, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín.

Debugger wá ni. CodeProbe tí SAS/C mú wá, tí orúkọ àṣẹ rẹ̀ ń jẹ́ CPR, gba ARexx, mo sì fẹ́ kí ó dára ju bó ṣe wà lọ. Lílo rẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ dúró sórí ìlà kan nínú editor, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, kí debugger sì fi ibi ìdúró (breakpoint), ibi tí ètò á ti dúró, síbẹ̀. Editor gbọ́dọ̀ sọ orúkọ fáìlì àti ìlà tí ẹ wà. CygnusEd ń sọ ọ́ láti inú àṣẹ STATUS, tó ń gba nọ́ńbà dípò orúkọ. Tábìlì inú ìwé ìtọ́ni ni yóò máa sọ èyí tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́, kò sì sí ẹni tó lè ka script bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà láìṣí ìwé. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú bóyá editor ń ka ìlà láti 0 tàbí láti 1. Ibi ìdúró tó fi ìlà kan yẹ̀ sábà máa ń wá láti ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kò lè dá debugger lẹ́bi bí ẹ kò bá bá a múra sílẹ̀. DEBUG=SYMBOLFLUSH gbọ́dọ̀ wà nínú SCOPTIONS, kí nọ́ńbà ìlà lè wọ inú ètò tí a so pọ̀; OPTIMIZE gbọ́dọ̀ kúrò, torí ó ń gbé iṣẹ́ ìlà kan kọjá òmíràn. Bí ẹ bá ti yí fáìlì padà láìtún un compile, editor àti debugger ń sọ̀rọ̀ nípa ìwé méjì tí orúkọ wọn jọra. Mo rò pé script tó dára gbọ́dọ̀ kọ̀ láti fi ibi ìdúró sílẹ̀ bí fáìlì C bá jẹ́ tuntun ju ètò tí a ti compile lọ. STATEF nínú rexxsupport.library ń sọ ọjọ́ náà. Ẹ pe addlib('rexxsupport.library',0,-30,0) kí ẹ tó lò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Error 15 ni ẹ ó rí. Iye -30 yẹn kì í yí padà.

Ibi tí okùn ti ń já gan-an ni ìgbà tí ètò tí ẹ ń tọpa bá ń sáré. Debugger ń dúró de ètò náà, kò ráyè gbọ́ port rẹ̀, editor náà á sì dúró de debugger bí ó bá jẹ́ pé òun ló fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Bí ètò náà bá bọ́ sínú àyíká tí kò lópin, ẹ̀yin mẹ́ta ti dúró. Ẹ má ṣe jẹ́ kí script tó ń sọ pé kí ètò máa lọ dúró de èsì láti inú editor: ẹ fi RUN gbé e dìde bí iṣẹ́ ọ̀tọ̀, address command 'run >NIL: rx Lo.rexx', kí editor lè bọ́. Bákan náà ni bí ẹ bá fẹ́ kí script ṣí debugger fúnra rẹ̀. Ẹ fi RUN ṣí i, kí ẹ wá lo WaitForPort pẹ̀lú orúkọ port rẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 10 ló ń dúró, ó sì ń dá 5 padà bí port kò bá yọ. Ẹ fi show('P') wo orúkọ tó ń jẹ́ gan-an kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí script fúnra rẹ̀ bá ṣìnà, TRACE R á fi ìlà kọ̀ọ̀kan hàn, ṣùgbọ́n script tí editor gbé dìde kò ní ojú Shell tó máa kọ ọ́ sí. Ní Shell, àṣẹ TCO ń ṣí fèrèsé ìtọpa fún gbogbo script, TS bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, TE dá a dúró, TCC sì pa fèrèsé náà. HI ń pa gbogbo script tó ń lọ. Ó tọ́ kí ẹ ní Shell kan ní ṣíṣí fún un.

Turbo Pascal ti Borland ti kó editor àti compiler sínú ètò kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà ilé láti 1983, ó sì yára ju okùn yìí lọ. Ẹni tí editor inú rẹ̀ bá tẹ́ lọ́rùn kò nílò ARexx. Ìyàtọ̀ ni pé níbí, ẹ lè pààrọ̀ editor láìpààrọ̀ compiler: editor TurboText àti GoldED náà ní port, ẹ óò sì kàn yí ìlà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú Asise.ced padà, pẹ̀lú ìlà rexx_ced kan tó wà lókè wọn. Lórí Amiga 500 tó ní mẹ́gábáìtì kan, àyè ni yóò kọ́kọ́ tán, torí RexxMast, editor, SCMSG àti compiler gbọ́dọ̀ jọ wà nínú ìrántí. Ẹ fi SCMSG pamọ́ láìṣí fèrèsé rẹ̀ pẹ̀lú REXXONLY, kí ẹ má sì ṣí debugger títí ètò yóò fi compile láìsí àṣìṣe. Pẹ̀lú hard disk àti mẹ́gábáìtì mẹ́rin, ẹ lè ṣí gbogbo wọn papọ̀ láti àárọ̀.